Àlùfáà Whitehead àti Kànga Broad Street

Àwọn baba wa a máa wí pé omi kò ní ọ̀tá. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ọba ń mu omi, mẹ̀kúnnù ń mu omi; Onígbàgbọ́ ń fi í ṣe ìrìbọmi, Mùsùlùmí ń fi í ṣe àlùwàlá; kò sì sí ẹni tí yóò jí ní òwúrọ̀ tí kì yóò wá omi bọ́jú. Ṣùgbọ́n omi yìí kan náà lè di ikú bí ohun ẹlẹ́gbin bá wọ inú rẹ̀ tí ojú kò sì rí i. Ìtàn tí a mú wá fún yín lónìí ṣẹlẹ̀ ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1854. Ìtàn àlùfáà ọ̀dọ́ kan ni. Ó gbàdúrà fún àwọn ènìyàn rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń kú. Lẹ́yìn àdúrà, ó rìn láti ojúlé dé ojúlé láti wádìí ohun tí ó pa wọ́n.

Àrùn tí à ń wí yìí ni àwa Yorùbá ń pè ní onígbáméjì. Orúkọ rẹ̀ ti sọ ìwà rẹ̀ fún wa: aláìsàn ń bì, ó sì ń yàgbẹ́, bí ẹni pé igbá méjì ni a óò gbé tì í, ọ̀kan fún èébì, èkejì fún ìgbẹ́. Ẹni tí ara rẹ̀ le koko ní òwúrọ̀ lè kú kí ilẹ̀ tó ṣú, nítorí pé omi ara rẹ̀ yóò ti tán. Àrùn yìí kọ́kọ́ wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1831. Ó tún padà dé ní ọdún 1848, ó sì dé lẹ́ẹ̀kẹta ní ọdún 1853. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni ó pa ní ìgbà kọ̀ọ̀kan.

Kí ni ó ń fà á? Ní àkókò náà, èrò ọ̀pọ̀lọpọ̀ dókítà ni pé òórùn burúkú ni. Wọ́n ní afẹ́fẹ́ tí ń ti orí ààtàn àti ojú gọ́tà wá ni ènìyàn ń fà símú tí ó fi ń ṣàìsàn. Àwọn oníwàásù kan sì gbà pé ìbínú Ọlọ́run ni, pé ó tọ́ sí àwọn ọ̀mùtí àti àwọn tí ń gbé inú ìdọ̀tí. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹta ọdún 1832, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàṣẹ ọjọ́ ààwẹ̀ fún gbogbo ènìyàn nítorí àrùn yìí. Nígbà tí ó tún dé ní ọdún 1853, àwọn àgbà ìjọ Presbyterian ní ìlú Edinburgh kọ ìwé sí Lord Palmerston, mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé, pé ṣé ìjọba yóò tún yan ọjọ́ ààwẹ̀. Èsì tí ó fún wọn ni pé kí wọ́n kọ́kọ́ tún ìlú wọn ṣe, kí wọ́n mú ẹ̀gbin kúrò ní ibùgbé àwọn tálákà. Bí wọn kò bá ṣe èyí, ààwẹ̀ àti àdúrà kò ní dí ọ̀nà mọ́ àrùn náà. Ọ̀rọ̀ yìí bí àwọn kan nínú gidigidi. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ènìyàn ṣe pín sí méjì: àwọn kan ń pariwo àdúrà, àwọn kan ń pariwo gọ́tà. Ẹ jẹ́ kí a wo ẹni tí ó di méjèèjì mú.

Ní àárín ìlú Lọ́ńdọ̀nù ni àdúgbò kan wà tí à ń pè ní Soho. Ní ọdún 1854, ibùgbé àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ni: aránṣọ, aṣebàtà, alágbàfọ̀ àti àwọn tí ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kéékèèké. Ilé wọn ga, yàrá wọn kéré, odindi ìdílé a sì máa gbé inú yàrá kan ṣoṣo. Àwọn kọ́ńpìnnì aládàáni ni wọ́n ń ta omi ẹ̀rọ ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà náà. Omi wọn kì í yọ ju wákàtí díẹ̀ lọ lóòjọ́. Àwọn onílé ní láti gbè é sínú àgbá, omi tí ó bá sì ti pẹ́ nínú àgbá kì í dára lẹ́nu mọ́. Nítorí náà ni àwọn ará Soho ṣe fẹ́ràn kànga kan tí ó wà létí ọ̀nà ní òpópó Broad Street. Kànga elẹ́rọ ni. A bo ojú rẹ̀, a sì ri irin mọ́ ọn; irin náà ní ọwọ́ gígùn tí ènìyàn yóò máa tẹ̀ sókè-sódò kí omi tó tú jáde. Ọ̀fẹ́ ni omi rẹ̀. Ó mọ́ gaara lójú, ó tutù lẹ́nu. Àwọn tí kànga mìíràn sún mọ́ ilé wọn jù pàápàá a máa rán ọmọ wá pọn ti Broad Street.

Àlùfáà wa ni Henry Whitehead. Wọ́n bí i ní ìlú Ramsgate ní ọdún 1825. Ó kàwé ní Oxford, ó sì di àlùfáà kékeré ní ìjọ Luke Mímọ́ ní Berwick Street, ibi tí kò jìnnà sí kànga náà rárá. Ọmọ ọdún 28 ni nígbà tí àjàkálẹ̀ bẹ́ sílẹ̀. Kì í ṣe àlùfáà tí ń dúró de ènìyàn ní ṣọ́ọ̀ṣì nìkan. Ó ń wọ ilé wọn, ó ń gun àtẹ̀gùn wọn, ó mọ iṣẹ́ wọn, ó sì mọ àwọn ọmọ wọn.

Ní alẹ́ ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1854, àrùn náà já wọ Soho bí ìgbà tí iná bá ràn mọ́ koríko gbígbẹ. Láàrin ọjọ́ mẹ́ta péré, ènìyàn 127 ti kú ní Broad Street àti àwọn òpópó tí ó yí i ká. Àwọn tí wọ́n ní ibi tí wọ́n lè sá lọ kó ẹrù, wọ́n lọ. Kò pẹ́ kò jìnnà, òpópó tí kì í gba ẹsẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti dá páropáro. Whitehead kò sá. Láti ẹ̀gbẹ́ ibùsùn kan ni ó ń bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn mìíràn. Ó ń gbàdúrà, ó ń di ọwọ́ ẹni tí ń kú lọ mú, ó ń tu opó àti ọmọ òrukàn nínú. Ilé wà tí ó kí ènìyàn ní òwúrọ̀ tí kò bá a láàyè ní ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ yóò fi rọlẹ̀ pátápátá, ènìyàn 616 ni ó ti kú.

Bí ó ti ń lọ tí ó ń bọ̀, ohun kan rú u lójú. Wọ́n ní ìdọ̀tí ni ó ń fa ikú yìí. Ṣùgbọ́n ó rí ilé tí a fọ̀ tí a nù tí ikú wọ̀, ó sì rí ilé ẹlẹ́gbin tí ikú ré kọjá. Wọ́n ní ẹ̀ṣẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ó mọ àwọn òkú náà. Òun ni ó wàásù fún wọn, òun ni ó sin nínú wọn. Ó mọ̀ pé ẹni tí ó kú kò burú ju ẹni tí ó yè lọ.

Dókítà kan ń gbé nítòsí, John Snow ni orúkọ rẹ̀, ọmọ òṣìṣẹ́ kan láti ìlú York. Ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dé ibi pé òun ni wọ́n pè ní ọdún 1853 láti fún Ọbabìnrin Victoria ní oògùn tí ó dín ìrora ìrọbí kù. Láti ọdún 1849 ni Snow ti kọ̀wé pé onígbáméjì kì í ti imú wọlé. Ẹnu ni ó ń gbà, nínú omi tí ìgbẹ́ aláìsàn ti bà jẹ́. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí. Nígbà tí àrùn dé Soho, ó bẹ̀rẹ̀ sí bèèrè ibi tí àwọn òkú ti ń pọn omi, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn sì jẹ́ ti kànga Broad Street.

Ẹ gbọ́ díẹ̀ nínú ohun tí ó rí. Ní Poland Street, ilé kan wà tí ìjọba ti ń tọ́jú àwọn aláìní, ènìyàn 535 ni ó wà nínú rẹ̀. Àrùn yí ilé náà ká, síbẹ̀ 5 péré ni ó kú níbẹ̀. Ilé náà ní kànga tirẹ̀. Ní Broad Street gan-an, ilé ìpọntí kan wà tí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ju 70 lọ. Kò sí ọ̀kan tí ó kú nínú wọn: ọtí bíà tí à ń fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́ ni wọ́n ń mu, wọ́n sì ní kànga tiwọn. Ní Hampstead, tí ó jìnnà sí Soho, opó kan kú. Obìnrin yìí ti gbé ní Broad Street rí, adùn omi ibẹ̀ kò sì kúrò lọ́kàn rẹ̀. Wọ́n a máa fi kẹ̀kẹ́ ẹrù gbé ìgò omi kan ránṣẹ́ sí i. Ó mu nínú rẹ̀, ó kú. Ọmọbìnrin kan nínú ìbátan rẹ̀ tí ó wá kí i mu nínú rẹ̀, ó padà sí Islington, òun náà kú. Kò sí onígbáméjì ní Hampstead, kò sì sí ní ibi tí ọmọbìnrin náà ń gbé. Omi nìkan ni ó so wọ́n pọ̀ mọ́ Soho.

Ní alẹ́ ọjọ́ 7 oṣù Kẹsàn-án, Snow lọ bá ìgbìmọ̀ tí ń ṣe àbójútó àdúgbò náà, ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n yọ ọwọ́ irin kúrò lára ẹ̀rọ kànga náà. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò yé wọn tán, ṣùgbọ́n ẹni tí omi ń gbé lọ kò ní kọ̀ láti di koríko mú. Ní ọjọ́ kejì, ọjọ́ 8, wọ́n yọ ọ́.

Ǹjẹ́ Whitehead gba Snow gbọ́? Rárá o. Ó ní ìdí tí ó gúnmọ́. Ó mọ àwọn kan tí àrùn kọlù, tí wọ́n mu omi kànga yìí lọ́pọ̀lọpọ̀ lórí ibùsùn, tí wọ́n sì yè. Ó tún mọ̀ pé àrùn náà ti ń rọlẹ̀ kí wọ́n tó yọ ọwọ́ ẹ̀rọ. Nígbà tí ìgbìmọ̀ ìjọ James Mímọ́, tí àdúgbò náà wà lábẹ́ rẹ̀, yan àwọn tí yóò wádìí ọ̀ràn náà ní òpin ọdún 1854, wọ́n fi Whitehead sí i. Snow fún un ní ìwé rẹ̀. Whitehead kà á, ó sì bọ́ sí ojú ọ̀nà. Ohun tí ó ní lọ́kàn ni pé òun yóò fi hàn pé dókítà náà ṣìnà.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ fi ara balẹ̀ gbọ́ èyí. Ẹni tí ó ti mọ ibi tí òun fẹ́ kí ìdáhùn já sí sábà máa ń bèèrè kìkì ohun tí yóò gbè é. Whitehead kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó padà lọ bá àwọn tí ó kù láàyè, àti àwọn tí wọ́n ti kó lọ sí àdúgbò mìíràn. Ilé wà tí ó lọ ju ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ. Nítorí pé wọ́n mọ̀ ọ́n, nítorí pé ó wà lọ́dọ̀ wọn ní ọjọ́ ìbànújẹ́, wọ́n ṣílẹ̀kùn fún un, wọ́n sì sọ ohun tí wọn kì bá tí sọ fún àlejò. Ta ni ó pọn omi ní ọjọ́ Jímọ̀ọ̀? Ta ni ó mu ún? Ta ni kò mu? Nínú ènìyàn 896 tí ń gbé Broad Street, ó rí ọ̀rọ̀ 497 gbọ́.

Díẹ̀díẹ̀ ni ìdáhùn wọn bẹ̀rẹ̀ sí yí i lọ́kàn padà. Nínú 137 tí wọ́n mu omi kànga náà, 80 ni àrùn mú. Nínú 297 tí kò mu ún, 20 péré ni. Ó tún wá yé e ìdí tí àwọn arúgbó aláìlera kan tí ń dá gbé fi yè nígbà tí àwọn géńdé ń kú: wọn kò ní ọmọ tí wọn yóò rán lọ pọn omi níbẹ̀. Ẹni tí ó fẹ́ jiyàn ni òtítọ́ wá sọ di ẹlẹ́rìí. Abèèrè kì í ṣìnà.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan ṣì kù. Báwo ni àrùn ṣe dé inú kànga tí omi rẹ̀ mọ́ tó bẹ́ẹ̀? Lọ́jọ́ kan ní ọdún 1855, bí Whitehead ti ń wo ìwé ìforúkọsílẹ̀ àwọn òkú, ojú rẹ̀ bọ́ sórí ọmọ-ọwọ́ olóṣù márùn-ún kan tí ó kú ní ojúlé 40, Broad Street, ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹsàn-án, lẹ́yìn tí inú ti ń ṣu ú fún ọjọ́ mélòó kan. Ara rẹ̀ bù máṣọ. Ojúlé 40 ni kànga náà wà níwájú rẹ̀! Àìsàn ọmọ náà sì ti bẹ̀rẹ̀ kí ti àwọn yòókù tó bẹ̀rẹ̀. Ó dìde, ó lọ bá ìyá rẹ̀. Ìyá náà sọ fún un láìfi nǹkan kan pa mọ́ pé òun a máa fi omi sàn ìlédìí ọmọ, òun a sì da omi náà sínú kòtò ẹ̀gbin tí ó wà níwájú ilé.

Wọ́n pe ayẹ̀lẹ̀wò láti hú ilẹ̀ náà. Láti kòtò ẹ̀gbin dé kànga kò tó ẹsẹ̀ bàtà 3. Bíríkì kòtò náà ti jẹrà, ẹ̀gbin sì ti ń jò gba inú ilẹ̀ wọ inú omi tí gbogbo àdúgbò ń yìn. Ohun mìíràn tún hàn. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹsàn-án, ọjọ́ náà gan-an tí wọ́n yọ ọwọ́ ẹ̀rọ, ni àrùn kọlu bàbá ọmọ náà, tí ó jẹ́ ọlọ́pàá. Ó sì kú ní ọjọ́ 19. Bí ọwọ́ ẹ̀rọ bá ṣì wà níbẹ̀ ni, ẹ̀gbin tirẹ̀ ìbá tún wọ inú kànga, àwọn tí ikú fi sílẹ̀ ìbá sì tún padà wá pọn ọ́n. Nítorí náà, àárẹ̀ Snow kò já sí asán.

Kí a má ṣe rò pé gbogbo ayé ló pàtẹ́wọ́ fún wọn. Ìgbìmọ̀ ìlera ti ìjọba kọ ọ̀rọ̀ omi náà, wọ́n dúró lórí ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́. Lẹ́yìn náà, àwọn ará àdúgbò tún bẹ̀bẹ̀ pé kí a dá ọwọ́ irin náà padà sára ẹ̀rọ, a sì dá a padà. Ẹ má dá wọn lẹ́bi. Ẹni tí kò ní omi mìíràn kò lè tìtorí ìkìlọ̀ kí òùngbẹ pa á. Snow kú ní ọdún 1858, ní ọmọ ọdún 45, kí òtítọ́ rẹ̀ tó di ohun tí gbogbo ènìyàn gbà. Ó di ọdún 1884 kí Robert Koch, dókítà ará Jámánì, tó fi kòkòrò tí ń fa àrùn náà han gbogbo ayé. Ṣùgbọ́n Whitehead gbé àwòrán Snow sínú yàrá ìkàwé rẹ̀, ó sì wà níbẹ̀ títí òun náà fi kú ní ọdún 1896.

Kí ni àlùfáà yìí ṣe fún àwọn ènìyàn rẹ̀? Ó gbé ẹ̀bi kúrò lórí wọn. Wọ́n ti sọ nípa wọn pé ìwà wọn ni ó pa wọ́n. Whitehead fi hàn pé kòtò jíjẹrà kan, tí kò sí ẹni tí ó ṣe àtúnṣe rẹ̀, ni ó pa wọ́n. Ẹ wo bí ìyàtọ̀ náà ti pọ̀ tó. Bí ẹ̀ṣẹ̀ tálákà bá ni, ìwàásù ló kàn. Bí omi bá ni, àwọn aláṣẹ ni ó kàn, àwọn olówó ni ó kàn, gbogbo wa ni ó kàn.

Kì í ṣe kànga ọ̀fẹ́ nìkan ni ó ń pani. Ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1854 kan náà, kọ́ńpìnnì méjì ń ta omi ní àwọn òpópó kan náà. Kọ́ńpìnnì Lambeth ti lọ ń fa omi rẹ̀ láti òkè odò Thames, níbi tí ẹ̀gbin ìlú kò dé. Southwark and Vauxhall ṣì ń fa tirẹ̀ láàrin ìlú, níbi tí ẹ̀gbin ti ń ṣàn wọ odò. Snow ka òkú ọ̀sẹ̀ méje. Nínú ilé 26,107 tí ń ra omi Lambeth, ènìyàn 98 ni ó kú. Nínú ilé 40,046 tí ń ra omi èkejì, 1,263 ni. Àwọn aládùúgbò tí ògiri kan ṣoṣo là láàrin ni o. Ayálégbé kò sì ní ẹnu ọ̀rọ̀ nínú kọ́ńpìnnì tí onílé yàn fún un.

Àwọn Onígbàgbọ́ kan bẹ̀rẹ̀ sí ronú pé a kò lè máa ka ọ̀rọ̀ ife omi tútù tí Jésù sọ nínú Ìhìn Rere, kí àwọn ọmọ iṣẹ́ máa wá omi kiri ní ìgboro. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1859, Samuel Gurney, ọmọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, tí ìdílé rẹ̀ jẹ́ ti ìjọ Quaker, àti agbẹjọ́rò Edward Thomas Wakefield, dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ láti ri ẹ̀rọ omi ọ̀fẹ́ sí ojú pópó. Gurney yìí ni ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ lóbìnrin jẹ́ Elizabeth Fry, ìyá tí ó gba ìjà àwọn ẹlẹ́wọ̀n jà. Ẹ̀rọ wọn àkọ́kọ́ ni wọ́n ṣí ní ọjọ́ 21 oṣù náà, lára ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì Sepulchre Mímọ́. Wọ́n so ife méjì mọ́ ọn pẹ̀lú ẹ̀wọ̀n, kí ẹnikẹ́ni lè mu kí ó sì fi í sílẹ̀ fún ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn. Kò pẹ́ tí ènìyàn tó 7,000 fi ń mu níbẹ̀ lóòjọ́. Ẹgbẹ́ náà fi òfin kan lélẹ̀: àwọn kò ní ri ẹ̀rọ kankan tí omi rẹ̀ kò bá mọ́ dájúdájú. Ẹ̀kọ́ Broad Street ti wọlé. Ọ̀fẹ́ nìkan kò tó. Ọ̀fẹ́ tí ó mọ́ ni àánú.

Síbẹ̀, àánú ẹgbẹ́ kan kò lè ká gbogbo ìlú. Ní ọdún 1866, kọ́ńpìnnì kan tú omi tí a kò sẹ́ sí àwọn tálákà ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, onígbáméjì sì pa ènìyàn 5,596 níbẹ̀. Ní àkókò yìí, àwọn aláṣẹ tètè lé omi bá, wọ́n ní kí ènìyàn máa se omi kí wọ́n tó mu ún. Whitehead náà sì bá wọn lọ́wọ́ sí ìwádìí. Ìyẹn ni onígbáméjì ńlá ìkẹyìn ní ìlú náà. Ní ọdún 1902 ni òfin jáde tí ó gba omi lọ́wọ́ àwọn kọ́ńpìnnì mẹ́jọ fún ìgbìmọ̀ kan ṣoṣo tí yóò máa ṣe é fún gbogbo ará ìlú, ìgbìmọ̀ náà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1904.

Ọ̀ràn yìí kò jìnnà sí wa nílé. Ní Èkó, nígbà tí ìjọba amúnisìn fẹ́ gba owó omi lọ́wọ́ ará ìlú fún omi ẹ̀rọ tí wọ́n fẹ́ fà wá láti Ìjù, Dókítà John Randle àti Dókítà Ọbasá dá ẹgbẹ́ People's Union sílẹ̀ ní ọdún 1908, wọ́n takò ó. Omi Ìjù dé ní ọdún 1915, àríyànjiyàn owó náà kò sì tán. Ta ni yóò sanwó, ta ni omi yóò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kẹ́yìn? Ìbéèrè Lọ́ńdọ̀nù ni, ìbéèrè tiwa náà ni. Onígbáméjì wọ Nàìjíríà ní òpin ọdún 1970, ó sì ti padà wá lọ́pọ̀ ìgbà láti ìgbà náà; ní ọdún 2024 ó tún pa ènìyàn ní Èkó.

Nítorí náà, ẹ̀yin bàbá àti ẹ̀yin ìyá, ẹ padà wo àgbàlá yín. Báwo ni kànga ti jìnnà sí ṣáláńgá tó? Àwọn onímọ̀ ìlera a máa gbà wá níyànjú pé kí ó tó mítà 30. Ẹ wo ti aládùúgbò yín pẹ̀lú, nítorí pé omi abẹ́ ilẹ̀ kò mọ ààlà. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀-huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Bí àrùn náà bá sì mú ẹnikẹ́ni, ẹ tètè gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, kí ẹ máa fún un ní omi mímọ́ tí a po iyọ̀ àti ṣúgà mọ́ ní ìwọ̀n bí ẹ ti ń lọ. Gbígbẹ tí omi ara ń gbẹ ni ó ń pa aláìsàn.

Lónìí, ẹ̀rọ kan tí kò ní ọwọ́ dúró ní òpópó náà ní Lọ́ńdọ̀nù fún ìrántí. Snow ni ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ń kọjá níbẹ̀ ń rántí, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ̀yin rántí àlùfáà náà pẹ̀lú. Kò fi àdúrà sílẹ̀ nígbà tí ó ń bèèrè ọ̀rọ̀ omi, kò sì fi àdúrà ṣe ìdí tí kò fi ní bèèrè. Ìfẹ́ tí ó mú un jókòó ti ẹni tí ń kú ni ó mú un kan ilẹ̀kùn lẹ́yìn ikú, títí ó fi dé ojúlé 40.